Ta Ló Ní Kí Wọ́n Yọ Pákó Inú Kòtò?

Ògiri kòtò wó lu Ìyá Má-fà-á lọ́sàn-án Sátidé, ó sì pa á. Kòtò ọ̀hún kì í ṣe ti kànga. Ẹgbẹ́ Awalẹ̀pìtàn àdúgbò wa ló gbẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí wọ́n ti ń wá ìkòkò àti ìlẹ̀kẹ̀ àwọn tó gbé ayé kí a tó dé. Wọ́n ti fi pákó gbé ògiri rẹ̀ ró tẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n yọ pákó náà nítorí fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò. Òjò sì ti rọ̀ mọ́jú.

Agbẹ̀bí ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi gan-an, ọwọ́ rẹ̀ ni àkọ́bí mi bọ́ sí. Nígbà tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ìyá, ẹ ti gbẹ̀bí ọmọ tán, ó wá ku ìkòkò." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìkòkò kì í ké, kì í sì í tọ̀ síni lára." Bó ṣe ń ṣe sí aboyún náà ló ń ṣe sí ilẹ̀. Á kúnlẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹni bá fẹ́ fa àpáàdì yọ, á kígbe mọ́ ọn: "Má fà á! Òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí pákó? Ayàwòrán ẹgbẹ́ ló sọ fún mi, tomijé tomijé. Ẹgbẹ́ fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, wọ́n sì fẹ́ kí oríṣiríṣi àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára ògiri hàn ketekete, pupa lórí dúdú, dúdú lórí funfun. Pákó ń bò ó. Alága ní, "Ẹ yọ àwọn igi yẹn. Ṣé kàlẹ́ńdà kápẹ́ńtà la fẹ́ ṣe ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Alága, ilẹ̀ yìí ṣì tutù o." Alága dá a lóhùn: "Ìyá, ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹ bá wa gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó mọ́." Ìyá wọ inú kòtò, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún èèyàn. Wọ́n ya fọ́tò náà kí ògiri tó wó lù ú; ó jáde dáadáa, mo ti rí i.

Ẹ tún wá gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ yìí hú eegun ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí nínú ilẹ̀ kan náà. Òwú ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e, wọ́n ń rọra gbẹ́sẹ̀, alága sì ní kí gbogbo èèyàn ṣí fìlà. Ìyá Má-fà-á ńkọ́? Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé e sí, láàárín ṣọ́bìrì. Ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ "ìjàǹbá", wọ́n lọ. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, ẹgbẹ́ ti padà sínú kòtò, wọ́n ń fi asẹ́ jọ iyẹ̀pẹ̀ tó pa á, kí ìlẹ̀kẹ̀ má bàa ṣòfò. Ṣé èèyàn ní láti pẹ́ nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bọ̀wọ̀ fún un ni? Nílé òkú, alága dìde, ó ní ìyá kú síbi tó fẹ́ràn. Ta ló bi í?

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá bí, tó ń ṣe télọ̀, lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, awò ojú màmá mi ni mo wá gbà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. A ò rí nǹkan kan."

"Ẹ jọ iyẹ̀pẹ̀ yẹn, ẹ rí ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Awò ojú wá ni ẹ ò rí?"

Akọ̀wé bojú wo igun yàrá, níbi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n kọ "Pàǹtírí òde òní" sí lára. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ohun tí kò bá tíì pẹ́ nínú ilẹ̀, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń tú u wò: ìdérí ìgò, ọ̀rá, ìṣó tó ti dípẹtà. Awò ojú ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, gíláàsì kan ti fọ́, òwú búlúù tí òun fúnra rẹ̀ fi so apá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Pàǹtírí," ó ní. "Màmá mi rèé, pàǹtírí."

Akọ̀wé ní kó má bínú, ẹni tó jọ iyẹ̀pẹ̀ náà kò mọ̀ ni. Kò mọ̀ kẹ̀? Ẹni tó ń fi àpáàdì kékeré sọ irú ọbẹ̀ tí wọ́n sè láyé àtijọ́ ni kò mọ awò ojú ẹni tí wọ́n jọ ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́? Ọmọ náà ló sọ ọ́ fún mi, mi ò sì tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ẹgbẹ́ ti gbé ìwé jáde pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má kó Ọlọ́run sí i. Ọlọ́run kọ́ ló ń tẹ kàlẹ́ńdà. Wọ́n tún ti pe àwọn ọmọ iléèwé wá wo kòtò náà lóṣù tó ń bọ̀! Kí ìjọba ti ibẹ̀ pa. Kí ọlọ́pàá pa "ìjàǹbá" tí wọ́n kọ rẹ́, kí wọ́n gbọ́ tẹnu ayàwòrán. Ó ní òun ti ṣe tán. Ní ti alága, ọmọ olóògbé ò bèèrè nǹkan ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Kó wá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà lójúmọmọ, níwájú àwọn oníbàárà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ pákó." Bí kò bá lè sọ ọ́ níbẹ̀, kó lọ sọ ọ́ fún adájọ́.