Ìyá Jókòó, Aṣọ́ara Àdúgbò Wa

Ẹni tó bá fi Ìyá Jókòó ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú mi, ìjà ló ń wá. Onínúfùfù ni mí, gbogbo àwọn tí mò ń ránṣọ fún ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ìsàlẹ̀ odò, nínú omi gan-an, ni àwa ń gbé. Bí yanrìn bá dí ọ̀nà omi, ẹni tó bá lágbára á dùbúlẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ á jáde, á di dírágónì, á lọ wọ́ yanrìn náà kúrò. Ara á wà nílé bí ẹni tó sùn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí wọ́n má baà sún un, torí dírágónì kì í dá ojú mọ̀. Bó ṣe fi ara sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ Ìyá Jókòó nìyẹn, aṣọ́ara ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í jáde. Àwọn aláìníṣẹ́ máa ń sọ pé dírágónì tirẹ̀ ò lè ju edé lọ.

Lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ló jáde. Ìyá Jókòó yà sílé kejì díẹ̀, ó ní kí màmá mi máa wò ó, kó má fọwọ́ kàn án. Màmá mi fẹ́ràn ìyàwó mi ju èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ. Ó ní ilẹ̀ ti tutù jù fún ọmọ òun. Ló bá gbé e kúrò lórí ẹní, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún ya irun rẹ̀.

Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nígbà tí dírágónì ìyàwó mi yọjú sí fèrèsé. Ó wo ẹní, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì sá gba ọ̀nà ibú lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí ẹ̀mí tó padà, ara á ti tutù, ẹ̀mí ò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Mo sáré lọ pe Ìyá Jókòó.

Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbé ìyàwó mi padà sórí ẹní, ó ti ọwọ́ òsì rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó da irun rẹ̀ rú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ó ti sá lọ.”

“Mo gbọ́. Màá lọ pè é wálé.”

“Ẹ̀yin kẹ̀?”

“Jókòó, Télọ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan lára mi.”

Ó dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún kan sókè. Kí n tó mí, gbogbo àdúgbò ti ṣókùnkùn. Orí dírágónì rẹ̀ ti dé òpin àdúgbò, ìrù rẹ̀ ṣì ń kọjá lójú fèrèsé wa. Edé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o.

Mo jókòó, èmi tí mi ò lè ní sùúrù kí òwú wọ ojú abẹ́rẹ́. Ìborí Ìyá Jókòó yẹ̀ bo ojú rẹ̀ kan. Ẹja kékeré kan wá ń ṣá a létí jẹ. Ọwọ́ ń yún mi, mo fi í sílẹ̀. Ètè ìyàwó mi ń funfun, màmá mi ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí dé ìdí ọkàn.

Ilẹ̀ kù díẹ̀ kó ṣú nígbà tí ìyàwó mi yán. Ó ní ebi ń pa òun. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú ò tì mí.

Ìyá Jókòó náà lajú, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. “O ò lè bá mi tún ìborí yìí ṣe?”

“Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, omi wá lé ròrò sójú rẹ̀. “Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò rí ẹni tí yóò jókòó tì mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti jáde.”

Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni mo ń lọ sílé rẹ̀ báyìí. Á jáde, èmi á jókòó. Àwọn oníbàárà ń kùn pé aṣọ wọn ń pẹ́. Kí wọ́n máa kùn lọ. Ẹja yẹn ṣì ń wá síbi etí rẹ̀, mi ò sì lé e.