Ìlà Abẹ́ Igi Furúùtù

Ó jẹ́ ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ẹ̀pẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́rú, àwa tí a ti fẹ̀yìn tì ṣì máa ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé-ìwòsàn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba oògùn lójú fèrèsé kan náà pẹ̀lú wa lónìí, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ìlà méjì ni ó wà. Àwa àgbà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wá gba oògùn ìdènà kòkòrò éèdì, èyí tí ẹni tí ara rẹ̀ dá ń lò kí kòkòrò náà má baà ràn án, ni Mátíróònù tuntun ní kí wọ́n máa tò sábẹ́ igi furúùtù lẹ́nu géètì. Ó ní kí iṣẹ́ lè yá ni. Ẹnu géètì yẹn ni àwọn tí ń lọ sí Ọjà Olúwo ń gbà kọjá, Ẹ̀pẹ́ sì ni a wà: kò sí ẹni tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìlà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú.

Mojísọ́lá, ọmọ ẹlẹ́ja tí mo kọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ni ó wá bá mi nílé.

"Mà, oníbàárà màmá mi rí mi níbẹ̀. Wọ́n ti ń bi mí pé ta ni mò ń bá sùn. Ẹ bá wa sọ̀rọ̀, torí mi ò lè padà síbẹ̀."

Mo ti bá ẹgbẹ́ olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ariwo nìkan kọ́ ni ìjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e, àwa àgbà dìde lórí bẹ́ǹṣì, a sì lọ tò sábẹ́ igi furúùtù.

Mátíróònù sáré jáde. "Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ìlà yín kọ́ nìyí. Ti oògùn éèdì ni."

Alájì tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò dá a lóhùn: "A mọ̀. Ṣé kòkòrò náà máa ń béèrè ọjọ́ orí ni?"

"Háà, Alájì! Ẹ̀yin náà?"

"Ìyàwó mi ló ní kí n wá o."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wò wá lókèèrè bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá tò sáàárín wa. Obìnrin kan tí ó ru agbọ̀n ẹja dúró.

"Ẹ̀yin tíṣà, kí lẹ ń gbà níbẹ̀ yẹn?"

"Oògùn ni," ni mo wí. "Ṣé kí a bá ọ gba tìrẹ?"

Ó yára kọjá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ń tò nínú oòrùn ní gbogbo Ọjọ́rú, títí ó fi rẹ Mátíróònù. Ó sọ ìlà méjì di ọ̀kan. A jèrè ìyẹn. Mo wo ìlà tuntun náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, n kò rí Mojísọ́lá. Ìyá rẹ̀ ti mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo tún rí i, ó wà nídìí àtẹ ẹja ní Ọjà Olúwo. Mo sọ fún un pé ìlà ti di ọ̀kan, kí ó máa bọ̀.

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun." Ó ń to ẹja. "Èyí tí mò ń lò báyìí kì í ṣe ti ìdènà mọ́. Ìkòròdú ni mo ti ń lọ gbà á, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí."

"Ṣé ara le?"

"Ara le, mà. Ẹja mélòó ni kí n dì fún yín?"

Mo ní kí ó di méjì.

Títí di òní, kò sí ẹnikẹ́ni ní ilé-ìwòsàn náà tí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó sì ń yára. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ní kí a bá wọn sọ̀rọ̀ ṣì ń wọkọ̀ lọ sọ̀kalẹ̀ ní Benson, ní Ìkòròdú, láti gba oògùn tirẹ̀.