Ẹ̀yin Iná fún Bàbá Oníná

Ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ gbẹ̀yìn, ìyàwó mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nu gíláàsì fìtílà rẹ̀. Iná ìjọba wà nílé láti àárọ̀. Mo ní kí ó fi fìtílà náà sílẹ̀, pé kí ni a fẹ́ fi ṣe. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Bàbá wọn, iná tí ẹlòmíràn bá lè pa fún yín, kì í ṣe tiyín.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sí ìwé tí mò ń kà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa ti bi mí léèrè ohun tí ìyá yín ní lọ́kàn tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. N óò sọ ọ́, nítorí nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ìdáríjì ni n óò fi parí rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti ìyá yín wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí òmìnira tó dé, òkùnkùn jẹ́ òkùnkùn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, àdúgbò a dúdú bí ìdí ìkòkò, fìtílà ni a fi ń rí ojú ara wa. Ìyá ìyá yín ni ó ń ta kẹrosíìnì fún wa. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì bí. Ó máa ń jókòó sí orígun pẹ̀lú gárawá rẹ̀, àrọ tí ó fi ń rọ epo, àti ìgò, àwa ọmọdé a sì tò síwájú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ìgò tí a so okùn mọ́ lọ́rùn. Ìyá yín máa ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì wa, èmi a máa tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ ti pinnu pé èrè kẹrosíìnì ni yóò rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìgbà yẹn. A kì í fi ìṣáná ṣòfò. Bí iná ààrò bá kú, wọn a rán ọmọ lọ sí ilé kejì pẹ̀lú àpáàdì, wọn a bu ẹ̀yin iná sí i fún un, ọmọ a máa fẹ́ ẹ lẹ́nu bọ̀ nílé kí ó má baà kú. Orogún méjì tí ó ti ń bá ara wọn jà láti òwúrọ̀ a ṣì bu iná fún ara wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá fi iná du aládùúgbò rẹ̀, wọ́n gbà pé ààrò tirẹ̀ náà yóò tutù.

Lẹ́yìn náà ni iná mànàmáná dé. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ láti ìhà ọjà Akẹ̀sán wá, àwa ọmọdé a sì máa fi etí ti àwọn òpó náà, a máa gbọ́ bí wọ́n ti ń kùn. Mo ní oyin ni. Ìyá yín ní àwọn ará Ìbàdàn ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú wáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn.

Oníṣòwò aṣọ kan, ẹni tí ó ní mọ́tò kan ṣoṣo tí ó wà ládùúgbò wa, ni ó kọ́kọ́ fa iná wọlé. Ó so gílóòbù mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó so ó mọ́ pálọ̀, ó so ó mọ́ ilé ìgbẹ́ pàápàá. Ó ra asọ̀rọ̀mágbèsì ńlá, ó ra giramafóònù tí a kò ní máa fi ọwọ́ yí. Bàbá Oníná ni à ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí iná náà kọ́kọ́ tàn, ó ní kí wọ́n kó gbogbo fìtílà ilé òun jáde, títí kan èyí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kú, ó sì fọ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní òkùnkùn ti kú nílé òun, pé kẹrosíìnì kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n orígun ilé rẹ̀ ni ìyá oníkẹrosíìnì ń jókòó sí, ó sì ti ń tajà níbẹ̀ kí ọkùnrin náà tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Bàbá Oníná ní òórùn ọjà rẹ̀ ń wọ pálọ̀ òun. Obìnrin náà sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ní ó ṣì ń rùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń bọ̀ láti ilé ìwé, a bá dírẹ́bà rẹ̀ níbi tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ ti gárawá kẹrosíìnì méjì tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú gọ́tà. Ọ̀gá rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rin pákò.

Ó ní, “Ìyá, òkùnkùn tí ò ń tà ti tán lọ́jà. Lọ wá nǹkan mìíràn tà.”

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń fi àkísà fa kẹrosíìnì láti inú ẹrẹ̀, ó ń fún un sínú ìgò. Ìyá yín bá a kúnlẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ kórìíra ènìyàn, mo sì mọ̀ pé ìkórìíra ni.

Gbogbo owó tí ìyá náà ní ni ó wà nínú gárawá yẹn. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, èmi lọ, ìyá yín kò lọ. Kò tún lọ mọ́. Ẹ rántí bí ó ti máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn, tí ẹ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Inú gọ́tà yẹn ni ó ti wá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọjọ́ ìdána ọmọbìnrin Bàbá Oníná fi pé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn àna ti ń bọ̀, ènìyàn ńlá ni wọ́n. Ọ̀sán ni gbogbo ayé ń ṣe ìdána, ṣùgbọ́n ó ní ìrọ̀lẹ́ ni òun yóò ṣe tòun, kí àwọn àna lè rí iná. Wọ́n dé, gílóòbù ń tàn, giramafóònù ń kọrin, àwa ará àdúgbò sì kún ojú fèrèsé. Bí ìdílé ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti tọrọ ọmọ, iná lọ. Orin náà wúwo, ó fà, ó dákẹ́ bí ẹni tí oorun gbé lọ. Àwọn tí ó dọ̀bálẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, nítorí nínú òkùnkùn kò sí ẹni tí ó rántí pé ó yẹ kí a ní kí wọ́n dìde.

Bàbá Oníná ní kí dírẹ́bà gbé mọ́tò wá sí ojú fèrèsé, kí ó tan iná rẹ̀ sínú pálọ̀. Nígbà tí èéfín ń wọlé, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Láìpẹ́ bátìrì rọ̀, iná mọ́tò pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe, ó kú, mọ́tò kò sì gbà láti jí mọ́. Dírẹ́bà fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá fìtílà ní Akẹ̀sán. Wọ́n ránṣẹ́ káàkiri àdúgbò pé kí a yá wọn ní fìtílà. Ilé kan ní tàwọn ń rùn, yóò ba aṣọ àlejò jẹ́. Ilé kejì ní àwọn rò pé òkùnkùn ti kú.

Níkẹyìn, ìyálé rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́, wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá oníkẹrosíìnì. Ó ní ọkọ òun ní kí ó ta kẹrosíìnì fún àwọn, kí ó fi fìtílà kún un, iye tí ó bá wù ú ni kí ó pè. Ó ní ọkọ òun ní kí òun rán an létí pé aládùúgbò kì í fi iná du aládùúgbò.

Ìdí ààrò ni ìyá náà wà. Ó ní, “Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iná, n kò lè fi dù yín. Ṣùgbọ́n ọjà ni kẹrosíìnì, ọjà mi sì wà nínú gọ́tà iwájú ilé yín. Ẹ ní kí wọ́n lọ bù ú níbẹ̀.”

Ó mú àpáàdì, ó ṣa ẹ̀yin iná tí ó pọ́n jù sí i, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ó bá débẹ̀. Mo tẹ̀ lé e.

Nínú pálọ̀ tí ó dúdú yẹn, ẹ̀yin iná ọwọ́ ìyá yín nìkan ni ó ń pọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Oníná, ó gbé àpáàdì sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní:

“Ẹ kú ìnáwó, bàbá. Ìyá mi ní kí n gbé iná wá fún yín. Wọ́n ní àwọn kì í fi iná du ẹnikẹ́ni.”

Àgbàlagbà kan láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ fi ikọ́ bo ẹ̀rín, ẹ̀rín borí ikọ́. Ó béèrè bóyá iṣu ni àna wọn fẹ́ sun fún wọn. Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn yóò padà wá lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn yóò bá wọn tàn án. Ẹnu ọ̀nà ni dírẹ́bà ti pàdé wọn pẹ̀lú fìtílà kan.

Wọ́n padà wá lóòótọ́, ọmọ náà sì lọ sílé ọkọ. N kò ní nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Ẹlẹ́yinná ni ọkùnrin náà ń jẹ́, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí dé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rán àwọn àgbà láti wá bẹ ìyá oníkẹrosíìnì. Ìyá náà fún wọn lómi mu, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, kò sì tà fún ọkùnrin náà títí ọkùnrin náà fi kú. Nígbà tí ìyá náà máa kú, ó fi fìtílà rẹ̀ àti àrọ rẹ̀ lé ìyá yín lọ́wọ́.

Ẹ rí ọ̀gbẹ́ni arúgbó tí ó wá kí wa lẹ́yìn ikú ìyá yín, tí ó ní òun yóò gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá wá fún àìsùn òkú? Ọmọkùnrin Bàbá Oníná ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní a ní iná nílé. Ẹ bínú sí mi, ẹ ní mo le jù. Òun kò bínú. Ó wo fìtílà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wò ó pẹ́, ó tẹ orí ba. Ó dùn mọ́ mi pé ó mọ̀ ọ́n.

Ayé ti yí padà. Ilé tí kò ní iná ni à ń wá tì báyìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ òde òní kò mọ bí ẹ̀yin iná ti ń gbóná nínú àpáàdì. Bí iná bá lọ, oníkálukú a tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ariwo a gba ìgboro, ẹni tí kò bá ní, òun nìkan ni ó mọ̀. Kò sí ẹni tí ń rán ọmọ sí ilé kejì mọ́.

Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, ìyá yín nìkan ni ó ń tan fìtílà náà. Nígbà tí gbogbo yín ti padà sí ibi iṣẹ́, iná lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo wá kẹrosíìnì kiri kí n tó rí i rà. Mo ti àrọ bọ ẹnu fìtílà, mo da kẹrosíìnì sí ara mi lọ́wọ́. Mo gé òwú rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, ó rú èéfín, gíláàsì tí ìyá yín nù di dúdú. Mo pa á, mo nù ún, mo tún òwú gé, mo ṣá ìṣáná mìíràn. Ó jó. Bí mo ti gbé e sí ojú fèrèsé, àwọn ọmọ àdúgbò hó pé iná ti dé, gílóòbù sì tàn lókè orí mi.

Mo lọ pa gílóòbù náà. Mo jẹ́ kí fìtílà máa jó.