Ilà Ojú Sọ̀fíyù

Ọ̀dà tí a fi omi pò kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ibi tí yóò bá funfun lára ìwé, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó bá ti kùn ún, ó ti kùn ún nìyẹn. Ohun tí Sèlíátù fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú Bouaké fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí, kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi.

Kò sinmi. Àwọn ará àdúgbò Nimbo ń kó fọ́tò wá bá a: ìyá tó ti kú, ọmọ tó ti re Yúróòpù tí kò bọ̀ mọ́. Kì í da fọ́tò kọ bí wọ́n ṣe gbé e wá. A máa yọ ògiri kúrò, a máa gbin igi síbẹ̀, a sì máa mú ẹni méjì tí kò fojú kanra rí dúró pọ̀. Ojú ènìyàn nìkan ni kì í yí padà.

Nígbà tí Idriss, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fẹ́ gbé Rachida níyàwó, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó ya bàbá òun tó ti dolóògbé, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Fọ́tò kan ló ṣẹ́ kù, èyí tí Sọ̀fíyù, bàbá náà, yà fún káàdì ìgbélùú láyé ọjọ́un. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó sì ti ṣá débi pé ilà ojú ọkùnrin náà kò hàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ gọ̀ǹbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ, pẹ̀lú ìbàmú tó dábùú imú. Sèlíátù kò nílò fọ́tò fún ìyẹn. Ojú tó jí rí fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

Ó ya ọkọ rẹ̀ níwájú ìsọ̀ irin rẹ̀ ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà. Ó fi ojú náà sílẹ̀ kó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan kó tó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú tó bá ṣì tutù, ilà á tàn níbẹ̀.

Idriss wo àwòrán náà títí. Ó ní kò sí ilà nínú fọ́tò. Pé ènìyàn ńlá ni àwọn àna òun. Pé Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá àjèjì níbẹ̀, ni wọn yóò máa sọ lábẹ́ ahọ́n. Ṣé Màmá kò lè ya òmíràn tó bá fọ́tò mu?

"Fọ́tò ni kò ríran," ni Sèlíátù wí. "Èmi ríran."

"Màmá, ta ló tún ń kọlà láyé yìí?"

"Ṣé mo ní kí o kọ ọ́ ni? Bàbá rẹ ni mo yà. Bí bàbá aláìnílà ló wù ọ́, lọ wá tìrẹ."

Idriss rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó gbé àwòrán lọ. Sèlíátù rò pé òun ti borí.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó bá Sọ̀fíyù lára ògiri, ó ga tó ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Ìsọ̀ irin náà kò yí padà. Ojú ọkùnrin náà ń dán bí ẹyin tí a bó, kò sí ilà kankan. Orúkọ Sèlíátù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà. Ìyá Rachida dì í lọ́wọ́ mú, ó fi èdè Dioula yìn ín, ó ní ọkọ rẹ̀ jọ àwọn ará ilé àwọn gan-an.

Sèlíátù dúpẹ́, obìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Ó mú bírò nínú àpò, ó rìn dé ìdí ògiri, ó fi pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ títí aṣọ fi ya.

Idriss sáré dé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé irú ìtìjú wo nìyí.

"Èmi kọ́ ni mo ya ẹni yìí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Tèmi dà?"

Idriss ní ó wà ní yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n kó omi sí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé bó bá máa gbé e lọ, kó jọ̀ọ́, kó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Iwájú ni Sèlíátù gbà. Ó gbé àwòrán náà sáyà, ó kọjú rẹ̀ sí àwọn àna, ó sì ń rìn láàárín wọn bí ẹni tó ń lọ gba oyè. Ìyá Rachida wo àwòrán yìí, ó wo ti ara ògiri, ó bi ọkọ ìyàwó pé èwo gan-an ni bàbá rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Idriss nawọ́ sí ara ògiri.