Ohun Tí Ọmọ Mi Gbìn Sẹ́yìn Ilé

Bàtà mi ti ẹsẹ̀ òsì di àwátì fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo bú ewúrẹ́ aládùúgbò wa títí ohùn mi fi há. Àmọ́ nǹkan kan tún ń ṣe mí ní kàyéfì: ọmọ mi obìnrin, tí kò ju ọdún méjì àbọ̀ lọ, kì í dúró mu ẹ̀kọ àárọ̀ mọ́, ẹ̀yìn ilé ló ń sáré lọ. Kí ló wà níbẹ̀? Lọ́jọ́ kẹrin, mo yọ́ tẹ̀ lé e.

Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ebè iṣu ìyá ọkọ mi, níwájú òkìtì kékeré kan tí a fi koríko gbígbẹ dé lórí. "Okun o," ó kí òkìtì náà, bí a ṣe ń kí gbogbo èèyàn ní Kábà, ó sì ń retí èsì. Mo tú koríko náà. Bàtà mi ló yọjú.

Inú bí mi gidigidi. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

Ó bú sẹ́kún. "Má hú u! Kò tíì ta! Ìyá àgbà ní ọ̀kan á di púpọ̀."

Ìgbà náà ni mo rántí ariwo tí mo pa mọ́ bàbá rẹ̀ níṣojú ọmọ náà, pé bàtà kan ṣoṣo ni mo ní láyé.

Mo da erùpẹ̀ bò ó padà, mo fi koríko dé e, mo sì wọlé lọ mú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún wá.