Ọdún Méjì Tí Àǹtí Àsíátù Fi Kún Ọjọ́ Orí Mọ́rúfù

Bí ẹ bá fẹ́ rí Ọnọ́rébù Mọ́rúfù kó sáré, ẹ má wulẹ̀ fi ìbọn halẹ̀ mọ́ ọn, ó ti rí èyí tó pọ̀ ní Làìbéríà. Ẹ kàn ní Àǹtí Àsíátù ń pè é. Àǹtí yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Mọ́rúfù ṣe ṣọ́jà, ó ti ogun tiro bọ̀ wálé, ó kàwé òfin, ó di lọ́yà tí ẹnu rẹ̀ ń dá àwọn adájọ́ lágara, kí àwọn ará ìlú tó dìbò gbé e lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ábẹ́òkúta. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n fẹ́ sinmi lọ́wọ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀ ni. Síbẹ̀, bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tòun ti agbádá ńlá, orí àpótí kékeré tó ń jókòó sí láti ọmọdé náà ni yóò jókòó sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló wọlé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Àǹtí mi, mo ti kọ àbádòfin tèmi! Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò fẹ́ fẹ̀yìn tì yìí, irọ́ ọjọ́ orí wọn ti pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni tó bá búra èké nípa ọjọ́ orí, ìbáà ṣe tirẹ̀, ìbáà ṣe ti ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan!"

Díẹ̀ ló kù kí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún Àǹtí níka. Ó wo àbúrò rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Lọ́yà tó mọ ẹjọ́ gbogbo ayé ti gbàgbé tiẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí Mọ́rúfù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wá bá Àǹtí pé ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣágámù ń gba èèyàn, àmọ́ ẹni tó bá pé méjìdínlógún nìkan ni. Àǹtí rán ṣòkòtò gígùn fún un kó lè jọ àgbà, ó tẹ̀ lé e dé kọ́ọ̀tù, ó gbọ́wọ́ lé Kùránì, ó ní méjìdínlógún ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti bárékè. Ó ní òun ti di ṣọ́jà. Gbogbo ìgbà tó fi wà lójú ogun, Àǹtí ń gbààwẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má fi ìbúra òun pa ọmọ ìyá òun. Nígbà tó tiro wọlé, ẹsẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ wò. Ó gbà pé òun lòun ṣẹ́ ẹ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Bó bá dákẹ́, ó di èké lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè ba orúkọ àbúrò rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe aráàlú wá sọ̀rọ̀ lórí àbádòfin náà, gbọ̀ngàn kún. Ọnọ́rébù rojọ́ títí tí àwọn kan fi ń tòògbé. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó ní ọ̀rọ̀. Àǹtí dìde, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọnọ́rébù, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Mo búra èké fún àbúrò mi. Ìbúra mi ló gbé e dé ojú ogun."

Mọ́rúfù tiro sọ̀ kalẹ̀ wá bá a.

"Àǹtí, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan ní Ṣágámù. Mo ti mọ̀ pé ṣọ́jà ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo purọ́ fún yín torí ẹ ò ní gbà. Mo rò pé ẹ ti mọ̀ tipẹ́." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èèyàn. Omi bọ́ lójú Àǹtí. Ẹrù ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló sọ̀ yẹn.

"Kí o tó dìde," ó ní, "sọ ọjọ́ orí rẹ gan-an fún wọn."

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, Àǹtí."

"Irọ́! Àádọ́ta ni. Ó ṣì ku oṣù mẹ́rin."