Mẹ́wàá Dọ́gba Pẹ̀lú Mẹ́wàá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, kò sí ìyàwó ilé tó jẹ́ dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni ìyá mi ń pe àbúrò bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ láìṣì í. Nítorí náà, nígbà tí mo bá x àti y pàdé níléèwé girama, ẹ̀rù kò bà mí. Àdàpè náà ni mo kà wọ́n sí.

Ẹ-jẹ́-á-ní la sọ tíṣà ìṣirò wa. "Ẹ jẹ́ á ní àpù inú apẹ̀rẹ̀ jẹ́ x." Kò sẹ́ni tó rí àpù rí nínú wa, mo sì fura pé inú ìwé ni tíṣà gan-an ti mọ̀ ọ́n. Máńgòrò ń já lu páànù kíláàsì, kò sẹ́ni tó kà á kún ìṣirò.

Bàbá mi, tó ń hun aṣọ òkè, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí mo bá tún fìdí rẹmi, ìdí òwú tí òun ti mú mi lọ síléèwé ni òun yóò dá mi padà sí. Mo kórìíra òwú kíká dénú.

Ìdánwò dé: x + y = 10; x − y = 4. Nínú ìlà kìn-ín-ní, mo rí i pé y jẹ́ 10 − x. Mo bá fi rọ́pò y nínú ìlà kìn-ín-ní yẹn náà. x pa x rẹ́, ó ku 10 = 10. Inú mi dùn, kò ṣáà sírọ́ níbẹ̀. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Òdo ni tíṣà fún mi, ó fi pàṣán kún un kí òdo má baà dá wà. Ó ní, "Ìlà kejì ló yẹ kí o gbé e lọ. Ibi tí o ti mú un lo dá a padà sí. Kí lo wá fẹ́ mọ̀?"

Bàbá mi kò pariwo. Ó kàn nawọ́ sí ìdí òwú. Mo sunkún lọ bá ìyá mi, mo sọ ohun tí tíṣà wí. Ìyá mi kò mọ x, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba Ṣadé, ẹ dákun. Wọ́n ní ẹni tó bá dá nǹkan padà síbi tó ti mú un, òdo ló ń gbà. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gbòdo ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí òwú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo padà síléèwé.

Lóde òní, fóònù ló ń bá àwọn ọmọ ṣe ìṣirò. Àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí ni kò tíì kọjá ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá yọ alága ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ṣe ọ̀nà oko wa, inú ilé tó ti jáde náà ni wọ́n ti ń mú ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Mẹ́wàá dọ́gba pẹ̀lú mẹ́wàá. Ó ń bí mi nínú, torí kò sí tíṣà tí yóò mú pàṣán. Inú wọn ń dùn ní tiwọn, wọ́n ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.